KÍ NI Ó KÀN Ọ́ NÍBẸ̀?

Gbólóhùn kan wà tí a máa ń gbọ́ níbi gbogbo tí ìjà bá ti ṣẹlẹ̀, ìbáà ṣe ní ọjà, ìbáà ṣe ní agboolé, ìbáà sì ṣe ní pápá ìṣeré. Ẹni tí ó ń fi ìyà jẹ ọmọnìkejì rẹ̀ yóò rí ẹnìkan tí ó wá bá a wí, yóò yí ojú padà sí i pẹ̀lú ìbínú, yóò sì wí pé, “Kí ni ó kàn ọ́ níbẹ̀?” Nígbà mìíràn ìbéèrè náà tọ́, nítorí pé kò yẹ ọmọlúàbí kí ó máa tojú bọ ọ̀ràn tí kò kàn án. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, asà lásán ni, tí oníṣẹ́ ibi fi ń bo ara rẹ̀ kí ojú ayé má baà tó o. Ìbéèrè kan náà yìí ti dé iwájú ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ láàrin àwọn orílẹ̀-èdè, ìdáhùn àkọ́kọ́ tí a sì fún un kò dára. Ó pẹ́ kí a tó rí èyí tí ó sàn. Èrò wa nípa rẹ̀ ni a fẹ́ gbé ka iwájú yín.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà rú ẹnikẹ́ni lójú, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí ilé ẹjọ́ náà ti rí. Ìlú Hague, ní ilẹ̀ Netherlands, ni Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé wà. Ní 1945 ni a fi ìwé òfin dá a sílẹ̀ pọ̀ mọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1946. Adájọ́ 15 ni ó ń jókòó níbẹ̀ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ayé, kò sì gbọdọ̀ sí méjì nínú wọn tí í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà. Bí orílẹ̀-èdè tí ó ní ẹjọ́ níbẹ̀ kò bá ní ọmọ rẹ̀ kankan lára wọn, ó lè yan adájọ́ kan tí yóò bá wọn jókòó fún ẹjọ́ yẹn nìkan. Orílẹ̀-èdè nìkan ni ó lè pe orílẹ̀-èdè lẹ́jọ́. Ẹnìkan ṣoṣo kò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yà kan tí kò ní ìjọba ti ara rẹ̀ kò lè ṣe é. A kò sì lè fi tipátipá mú orílẹ̀-èdè kankan wá síwájú àwọn adájọ́ náà, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá ti fi ọwọ́ sí ìwé pé òun yóò wá, yálà nínú àdéhùn kan ni tàbí ní ọ̀nà mìíràn.

Níhìn-ín gan-an ni ìṣòro wà. Bí ìjọba kan bá ń fi ìyà jẹ àwọn ènìyàn tí ó wà ní abẹ́ rẹ̀, ta ni yóò gbé ẹjọ́ wọn lọ sí Hague? Ẹni tí ìyà ń jẹ kò ní àyè láti wọlé. Ẹni tí ó sì ní àyè láti wọlé, ìyà kọ́ ni ó ń jẹ ẹ́. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ ni pé, “Kí ni ó kàn ọ́ níbẹ̀?”

Àwọn baba wa kò ṣàì mọ̀ pé oríṣi ẹjọ́ méjì ni ó wà. Bí Òjó bá jẹ Àjàyí ní gbèsè, tí Àjàyí kò sì wí nǹkan kan, kò yẹ kí ẹlòmíràn gbé ọ̀ràn náà lọ sí ààfin. Bí ó bá gbé e lọ, àwọn ìjòyè yóò bi í pé kí ni ó kàn án, ìbéèrè wọn yóò sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá pa ọmọ aláìníyàá ní ìkọ̀kọ̀, kò sí ìjòyè tí yóò bi ẹni tí ó wá ròyìn rẹ̀ bóyá òun ni ó bí ọmọ náà. Ọ̀ràn gbogbo ìlú ni. Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe náà kò sì wí pé ó di ìgbà tí àgbà náà bá jẹ́ ẹbí ìyá ọmọ. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin gbèsè Òjó àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ aláìníyàá ni kókó gbogbo ohun tí a ní í sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹjọ́ tí a ń sọ. Ilẹ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, lápá ìwọ̀-oòrùn, tí a ń pè ní Nàmíbíà lónìí. Àwọn ará Jámánì ni ó gbà á ní 1884, àwọn ni ó sì pa ẹ̀yà Herero àti ẹ̀yà Nama ní ìpakúpa láàrin 1904 sí 1908. Ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Jámánì. Nígbà tí ogun parí, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè dá sílẹ̀ nígbà náà fi ìwé àṣẹ lé Gúúsù Áfíríkà lọ́wọ́ ní 1920 pé kí ó máa bójú tó ilẹ̀ náà. Kì í ṣe pé wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Wọ́n fi í sí ìkáwọ́ rẹ̀ ni, kí ó lè máa ṣe ìtọ́jú àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fún ire ti ara wọn. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹni tí a fi ewúrẹ́ sí lọ́wọ́ pé kí ó bá ni sìn kò gbọdọ̀ pa á jẹ.

Gúúsù Áfíríkà pa á jẹ. Ó gba ilẹ̀ tí ó dára lọ́wọ́ àwọn adúláwọ̀, ó pín in fún àwọn aláwọ̀ funfun, ó sì fi òfin ìyàsọ́tọ̀ àwọ̀ dè wọ́n bí ó ti fi de àwọn ti ilé rẹ̀. Nígbà tí àjọ àwọn orílẹ̀-èdè ìgbà náà tú ká ní 1946, Gúúsù Áfíríkà fẹ́ kí ilẹ̀ náà di tirẹ̀ pátápátá, bí ẹni tí ó wí pé nígbà tí ẹni tí ó fi ewúrẹ́ sí mi lọ́wọ́ ti kú, ewúrẹ́ di tèmi. Àjọ Ìṣọ̀kan Àwọn Orílẹ̀-èdè kọ̀ fún un. Ní 1950 Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé fúnni ní ìmọ̀ràn pé àṣẹ ìtọ́jú náà kò bá àjọ tí ó fi í lélẹ̀ kú, ó ṣì wà bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe ìdájọ́; Gúúsù Áfíríkà sì kọ etí ikún sí i. Ní gbogbo àkókò yìí, Hosea Kutako, olóyè àwọn Herero, ń fi ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan. Àwọn ènìyàn rẹ̀ lè kígbe. Wọn kò lè pẹjọ́.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá 1960, Ethiópíà àti Làìbéríà pe Gúúsù Áfíríkà lẹ́jọ́. Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ 1920 sọ pé orílẹ̀-èdè tí ó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ ìgbà náà lè pe olùtọ́jú lẹ́jọ́. Nínú àwọn orílẹ̀-èdè adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn méjèèjì yìí nìkan ni ó ti wà nínú àjọ náà. Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ní oṣù kan ṣáájú ni. Bí ó tilẹ̀ fẹ́, kò ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó ti dòmìnira pàdé ní Addis Ababa ní oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé kí àwọn tí ó ní kọ́kọ́rọ́ lọ ṣí i. Ethiópíà àti Làìbéríà kò béèrè ilẹ̀ fún ara wọn, wọn kò sì béèrè owó ìtanràn. Ohun tí wọ́n ń wá ni ìdájọ́ tí ó de ènìyàn, tí ó yàtọ̀ sí ìmọ̀ràn, tí Àjọ Ìṣọ̀kan yóò lè dúró lé lórí láti fi agbára mú Gúúsù Áfíríkà.

Olùjẹ́jọ́ dáhùn pé, “Kí ni ó kàn yín níbẹ̀?” Ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá 1962, àwọn adájọ́ 8 sí 7 sọ pé ẹjọ́ náà ṣe é gbọ́, kí wọ́n máa bá a lọ. Wọ́n kó ìwé jọ rẹpẹtẹ, wọ́n pe ẹlẹ́rìí, wọ́n sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Ọmọ ilẹ̀ wa kan wà lára àwọn tí ó gbọ́ ọ. Louis Mbanefo, ọmọ Onitsha, ni Ethiópíà àti Làìbéríà yàn láti bá àwọn adájọ́ jókòó nítorí ẹjọ́ náà.

Ní ọjọ́ 18 oṣù keje 1966 ni wọ́n ka ìdájọ́. Ìbò dọ́gba, 7 sí 7. Òfin ilé ẹjọ́ náà ni pé bí ìbò bá dọ́gba, kí ààrẹ ilé ẹjọ́ dìbò lẹ́ẹ̀kejì. Percy Spender, ọmọ Australia, ni ààrẹ nígbà náà. Ìbò rẹ̀ ni ó sì yanjú rẹ̀. Wọ́n ní Ethiópíà àti Làìbéríà kò fi ẹ̀tọ́ kankan tí í ṣe ti ara wọn hàn nínú ọ̀ràn náà, nítorí náà a kò lè dáhùn ohun tí wọ́n béèrè. Wọn kò sọ pé Gúúsù Áfíríkà jàre, wọn kò sì sọ pé ó jẹ̀bi. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́fà, wọn kò tilẹ̀ ṣí àpótí náà wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mbanefo wà lára àwọn 7 tí kò fara mọ́ ọn, pẹ̀lú Tanaka ará Japan, Jessup ará Amẹ́ríkà, àti Forster ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e kò yẹ kí a gbàgbé. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò tíì pé, ìbọn dún ní Omugulugwombashe ní àríwá ilẹ̀ náà láàrin àwọn ọlọ́pàá Gúúsù Áfíríkà àti àwọn ọmọ ilẹ̀ tí ó ti gbé ohun ìjà. Ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ju ogún ọdún lọ kí ó tó parí. A kò sọ pé ìdájọ́ náà nìkan ni ó dá ogun sílẹ̀. Ohun tí a sọ ni pé nígbà tí a ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ ẹni tí a ń jẹ níyà, ọ̀nà tí ó kù fún un kò pọ̀.

A kò fẹ́ bú àwọn adájọ́ 7 náà, nítorí pé wọ́n ní ìdí wọn. Wọ́n ní òfin kì í ṣe ìwà àánú, pé ohun tí ó bá dun ọkàn ènìyàn kò di ẹ̀tọ́ rẹ̀ nítorí pé ó dùn ún. Bí a bá sì jẹ́ kí ẹni gbogbo máa pẹjọ́ nítorí ẹni gbogbo, ilé ẹjọ́ yóò di ọjà. Ọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n nínú, bí ó bá ṣe pé ẹjọ́ gbèsè Òjó ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tọ̀ ọ́ dé òpin. Àjọ tí ó fi ewúrẹ́ lélẹ̀ ti kú. Àwọn tí í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ béèrè. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn kò lè wọ ilé ẹjọ́. Ta ni ó wá kù tí yóò bi olùtọ́jú léèrè? Kò kù ju olùtọ́jú náà lọ. Òfin tí ó bá sọ ẹni tí a fi nǹkan pamọ́ sí lọ́wọ́ di adájọ́ lórí ohun náà ti sọ gbogbo ìfipamọ́ di asán.

Njẹ́ ẹjọ́ tí wọ́n pè náà já sí asán bí? Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Ìdájọ́ náà bí àwọn ènìyàn nínú tó bẹ́ẹ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan fi gba àṣẹ ìtọ́jú náà lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá 1966. Nígbà tí Gúúsù Áfíríkà kọ̀ láti jáde, a tún béèrè lọ́wọ́ Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Ẹni tí ó dúró ṣe agbẹnusọ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà níbẹ̀ ni Taslim Olawale Elias, ọmọ Èkó, tí ó wá di adájọ́ ilé ẹjọ́ kan náà ní 1976, tí ó sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀ láti 1982 títí di 1985. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1971, 13 sí 2, àwọn adájọ́ wí pé Gúúsù Áfíríkà ń gbé ilẹ̀ onílẹ̀ ní ọ̀nà tí kò bá òfin mu, kí ó jáde kíákíá. Kò jáde kíákíá. Ó gba ogun, ó gba ìdúnàádúrà, ó sì gba sùúrù, kí Nàmíbíà tó dòmìnira ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta 1990. Ṣùgbọ́n láti 1971 lọ, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ilé Gúúsù Áfíríkà. Ẹjọ́ tí a jẹ̀bi ní 1966 ni ó fi ọ̀nà hàn sí èyí tí a jàre ní 1971.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ náà pàápàá rí ìdáhùn mìíràn gbà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì 1970, ilé ẹjọ́ náà ń dá ẹjọ́ láàrin Belgium àti Spain lórí owó àwọn tí ó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ iná mànàmáná kan. Ẹjọ́ gbèsè Òjó gan-an ni. Níbẹ̀ ni àwọn adájọ́ ti yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, tí wọ́n wí pé àwọn ojúṣe kan wà tí orílẹ̀-èdè jẹ gbogbo ayé pátá, tí gbogbo orílẹ̀-èdè sì ní ẹ̀tọ́ láti rí i pé a kò rú wọn: kí a má gbógun ti ẹni tí kò ṣẹ̀ wá, kí a má pa ẹ̀yà run, kí a má kó ènìyàn lẹ́rú, kí a má ya ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa mọ̀ nípa gbèsè àti ẹ̀jẹ̀ ni ilé ẹjọ́ náà wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Ó tó ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọ̀rọ̀ ẹnu náà tó so èso nínú ìdájọ́. Hissène Habré jẹ ìjọba ní ilẹ̀ Chad láti 1982 títí di 1990. Ó dá àwọn ènìyàn lóró, ó sì pa ọ̀pọ̀. Nígbà tí a lé e kúrò, ó sá lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà, ó sì ń gbé níbẹ̀ ní ìdẹ̀ra. Belgium pe Sẹ̀nẹ̀gà lẹ́jọ́ ní 2009. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje 2012, ilé ẹjọ́ wí pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn méjèèjì ti fi ọwọ́ sí àdéhùn tí ó kọ ìdánilóró, èyí tó fún Belgium láti béèrè; kí Sẹ̀nẹ̀gà gbé ọkùnrin náà lọ síwájú adájọ́ láìjáfara, tàbí kí ó fà á lé ẹni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún 2016, ní ìlú Dakar, a rán Habré lọ sí ẹ̀wọ̀n títí ayé. Ìdájọ́ tí kò ní ọlọ́pàá ni ó ṣe é.

Èyí tí ó sì sún mọ́ wa jù lọ ni ti Gáńbíà. Ilẹ̀ Myanmar ni àwọn baba wa ń pè ní Bọ́mà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì lọ jagun níbẹ̀ láàrin 1943 sí 1945. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà àti ti Gáńbíà wà lára àwọn tí ó jà ní àfonífojì odò Kaladan ní Arakan, tí a ń pè ní Rakhine lónìí. Ní Rakhine yìí ni àwọn Rohingya ti ń gbé. Láti oṣù kẹjọ 2017, àwọn tí ó ju 700,000 lọ nínú wọn sá lọ sí Bangladesh, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Myanmar ń jó abúlé wọn, wọ́n sì ń pa wọ́n. Rohingya kò ní ìjọba. Wọn kò lè pẹjọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá 2019, Gáńbíà, tí kò sí orílẹ̀-èdè tí ó kéré tó o lórí ilẹ̀ Áfíríkà gan-an bí a bá yọ àwọn erékùṣù sílẹ̀, pe Myanmar lẹ́jọ́ lábẹ́ àdéhùn 1948 tí ó kọ pípa ẹ̀yà run.

Myanmar sẹ́ ẹ̀sùn náà, ó sì béèrè ohun tí gbogbo wa ti mọ̀ pé yóò béèrè: kí ni ó kan Gáńbíà, tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ní ọjọ́ 23 oṣù kìíní 2020, gbogbo adájọ́ fi ohùn ṣọ̀kan pàṣẹ pé kí Myanmar dáàbò bo àwọn Rohingya títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2022, wọ́n dáhùn ìbéèrè náà pé orílẹ̀-èdè èyíkéyìí tí ó bá fi ọwọ́ sí àdéhùn náà ni ọ̀ràn rẹ̀ kàn. 15 sí 1 ni ìbò náà. Láti 1966 dé 2022 jẹ́ ọdún 56. Ilẹ̀kùn tí a tì mọ́ Ethiópíà àti Làìbéríà ni a ṣí fún Gáńbíà.

Ohun mìíràn sì wà tí ó yẹ kí a ronú sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù kejìlá 2023, Gúúsù Áfíríkà, lábẹ́ ìjọba tí ó yàtọ̀ pátápátá sí ti àtijọ́, pe Ísírẹ́lì lẹ́jọ́ lábẹ́ àdéhùn 1948 kan náà nítorí ogun Gasa. Ísírẹ́lì sẹ́ ẹ̀sùn náà gidigidi, kì í sì í ṣe iṣẹ́ wa láti dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni pé orílẹ̀-èdè tí ó fi “Kí ni ó kàn yín?” ṣe asà ní 1966 ni ó gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́. Ẹnu ọ̀nà tí ó dára kò mọ orúkọ ẹni tí ó ń gbà á kọjá.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní àtakò, àtakò wọn kò sì ṣe é fi ọwọ́ rọ́ tì. Wọ́n ní, “Ilé ẹjọ́ tí kò ní ọlọ́pàá, kí ni a ń fi í ṣe?” Òtítọ́ ni pé àwọn alágbára a máa kọ ìdájọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 1986, ilé ẹjọ́ náà dá Amẹ́ríkà lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí Nicaragua, orílẹ̀-èdè kékeré, pè é. Amẹ́ríkà kò sì gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tiwa. Ní 1994 Kamẹrúùnù pe Nàìjíríà lẹ́jọ́ nítorí Bakassi àti ààlà ilẹ̀ mìíràn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá 2002, ìdájọ́ sọ pé ti Kamẹrúùnù ni Bakassi. Bola Ajibola, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ tí Nàìjíríà yàn, kò fara mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa sì bínú. Síbẹ̀síbẹ̀ àwọn ìjọba méjèèjì fi ọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2006, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2008, Nàìjíríà ti fi ibẹ̀ sílẹ̀. Nàìjíríà lágbára ju Kamẹrúùnù lọ. Kò sí ọlọ́pàá kankan tí ó lé wa. Àwọn ìdílé tí ó fi ilé àti ibi ìpẹja wọn sílẹ̀ mọ ohun tí ìgbọràn náà ná wa, kò sì yẹ kí a máa sọ ọ́ bí ohun tí ó rọrùn.

Àwọn mìíràn ní, “Ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò. Ta ni Làìbéríà tí yóò bá Gúúsù Áfíríkà wí, nígbà tí àwọn ọmọ àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá ń gun àwọn ọmọ ilẹ̀ lórí ní ilé rẹ̀?” Òwe náà dára, a kò sì sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí òrùlé ẹni bá ń jò, kò ní kí a má pariwo nígbà tí ilé aládùúgbò bá ń jóná. Gáńbíà fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìjọba líle ọdún 22 ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Bóyá ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí màbo tètè mọ igbe ẹni tí ìyà ń jẹ. Ohun tí òwe náà béèrè ni pé kí olùpẹjọ́ ṣe tán láti jẹ́ ẹjọ́ nígbà tí ó bá kàn án. Orílẹ̀-èdè tí ó bá yìn ilé ẹjọ́ nígbà tí ó dá ẹlòmíràn lẹ́bi, tí ó sì ta á nù nígbà tí ó dé orí tirẹ̀, ìbéèrè náà yẹ ẹ́.

Nítorí náà, èrò wa ni èyí. Nínú ọ̀ràn gbèsè, kí olúkúlùkù dúró sí àyè rẹ̀. Nínú ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀, kí a má ṣe béèrè bí ẹni tí ó wá sọ ọ́ ti tóbi tó, tàbí bí ilé rẹ̀ ti jìnnà tó, tàbí ohun tí yóò rí gbà níbẹ̀. Kí a béèrè bóyá òtítọ́ ni ohun tí ó sọ. Kí ẹni tí ó fẹ́ pẹjọ́ sì ní ọgbọ́n àwọn tí ó pàdé ní Addis Ababa, kí ó wá ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́, kí ó kó ẹ̀rí jọ, kí ó sì mọ̀ pé ó lè jẹ̀bi lónìí kí ọmọ rẹ̀ tó jàre lọ́la.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a ó tú ká sí ilé ẹ̀kọ́ ìlú àti ti ìletò, a ó sì gbọ́ ìbéèrè yìí lẹ́nu àwọn ọmọ tí a ń kọ́, nígbà tí alágbára bá di aláìlera mú lẹ́yìn kíláàsì tí ọmọ kẹta sì dá sí i. Ẹ má ṣe yára dá ọmọ kẹta náà lẹ́kun pé ó ń tojú bọ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ gbèsè ni àbí ti ẹ̀jẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sì sọ fún un, hẹ̀rẹ̀ huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.